Ibi Tí A Ti Ń Kọ́ Ìjíyìn: Ọ̀nà Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Lè Gbà Di Aṣáájú

Ní àsìkò àjọ̀dún bí èyí, bí a bá jókòó sínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa, ojú wa kì í pẹ́ kí ó tó lọ sára pátákó tí a kọ orúkọ àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ sí. Olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ a máa wá orúkọ ẹni tí ó jẹ́ olórí ní ìgbà tirẹ̀. A ó rántí ẹni tí ń lu aago, ẹni tí ń ka Bíbélì ní ìsìn òwúrọ̀, ẹni tí ń bojú tó oúnjẹ ní yàrá ìjẹun, àti ẹni tí ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀ ní kíláàsì. Nígbà náà, a rò pé ipò lásán ni. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni àwọn olùkọ́ wa ń fi ipò wọ̀nyí kọ́ wa.

Ìbéèrè tí ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ náà nígbà tí ọmọ bá kúrò níbí tí ó sì wọ yunifásítì? Níbí, olùkọ́ ni ó ń yan olórí, olùkọ́ ni ó ń ṣọ́ ọ, bí ó bá sì ṣàṣìṣe, olùkọ́ ni yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ní yunifásítì, kò sí ẹni tí yóò jí ọmọ lójú oorun pé kí ó wá lu aago. Àǹfààní láti di aṣáájú pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá a rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jẹ́ olórí níbí ni ó ń lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀ láìsí iṣẹ́ kankan tí a fi lé e lọ́wọ́. Nígbà mìíràn, àwa òbí ni a pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe dá sí ohunkóhun.

Mo fẹ́ ṣàlàyé àwọn àǹfààní wọ̀nyí àti bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí n sì sọ bí òbí ṣe lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti yan èyí tí ó yẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sọ́kàn bí a ti ń bá a lọ: oyè kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di aṣáájú, ìjíyìn ni.

Alẹ́ tí mo dúró níwájú ìgbìmọ̀

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún kẹta mi ní yunifásítì, àwọn ọmọ ìdàpọ̀ wa fi mí ṣe akápò. Inú mi dùn, nítorí mo rò pé wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́n nínú ìṣirò. Owó ọrẹ wa kò pọ̀. Inú àpótí kékeré kan lábẹ́ ibùsùn mi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí, èmi nìkan ni mo sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ní sáà kejì, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá, tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún náà, kò rí owó tí yóò fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Mo ṣí àpótí, mo mú 3,000 náírà, mo fi yá a. Ó ṣèlérí pé òun yóò dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. N kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Nígbà tí ó di ọjọ́ tí awakọ̀ tí yóò gbé wa lọ wàásù ní abúlé wá gba owó àsansílẹ̀ rẹ̀, owó kò pé.

Mo sáré lọ bá alága wa ní yàrá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n lọ yá owó níbòmíràn ní ìkọ̀kọ̀, kí n fi dí àlàfo náà kí àwọn yòókù tó mọ̀. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Bí o bá fi owó ẹlòmíràn dí ihò yìí lóru, ihò mìíràn ni o gbẹ́ yẹn. Wá dúró níwájú wa ní alẹ́ yìí, kí o sọ bí ó ti rí.”

Mo dúró níwájú àwọn méje, mo sì sọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó pariwo mọ́ mi. Arábìnrin kan tí ó jẹ́ akọ̀wé wa ni ó bi mí léèrè ohun kan tí n kò tíì gbàgbé títí di òní. Ó ní, “Ṣé o rò pé bí o bá ti sọ fún wa ni, a kò ní ràn án lọ́wọ́?” N kò rí èsì fún un. Àánú ni mo rò pé mo ṣe, àmọ́ owó tí kì í ṣe tèmi ni mo fi ṣe é, mo sì fi àǹfààní àtiṣàánú du gbogbo àwọn yòókù.

Wọn kò yọ mí nípò. Wọ́n ní kí n san owó náà padà láàárín oṣù méjì. Wọ́n ṣòfin pé owó kankan kò gbọdọ̀ jáde mọ́ láìsí ìfọwọ́sí ènìyàn méjì, kí a sì máa ka ìṣirò owó sétí gbogbo ọmọ ìdàpọ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ọrẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wà nínú ìṣòro. Mo mu gààrí lọ́pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ kí n tó san owó náà tán. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bójú tó owó fún àwọn ilé-iṣẹ́, mo sì lè sọ pé kò sí ẹ̀kọ́ kan nínú kíláàsì tí ó wúlò fún mi tó alẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá ṣe àṣìṣe yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọmọ ogójì ọdún, lórí owó tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n ni ì bá jẹ́ olùkọ́ mi.

Àwọn tí ó ti ṣe é ṣáájú wa

Kì í ṣe òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1925, kò tíì sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Ìbàdàn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU.

Ìṣòro tí ó wà níwájú wọn kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí pinnu pé àwọn yóò ní ilé tiwọn. Ní ọdún 1929, Ṣólàńkẹ́ padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó ilé náà. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta ní ìrìn àjò, ó ń ti ìlú kan dé òmíràn, ó ń bá àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1933, wọ́n ṣí ilé náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast, ọmọ Sierra Leone àti ọmọ Gambia ni ó pàdé nínú ẹgbẹ́ kan. Èdè wọn kò papọ̀, àṣà wọn sì yàtọ̀. Wọ́n ní láti gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ó wà ní òkèèrè, kí wọ́n sì fi hàn pé ohun tí wọ́n sọ ni wọ́n fi owó náà ṣe. Wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn jáde. Kwame Nkrumah, tí ó di olórí orílẹ̀-èdè Ghana lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí ó bá ẹgbẹ́ yìí ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tí ó wá bèèrè òmìnira orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń ṣàkóso ilé kan. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ lónìí

Lóde òní, akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò àtilọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Oríṣi márùn-ún ni mo fẹ́ kí òbí mọ̀.

Èkínní ni ìdàpọ̀ àwọn onígbàgbọ́. Ẹgbẹ́ SCM ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1940, NIFES sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968. Yàtọ̀ sí méjèèjì, ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ní ìdàpọ̀ tirẹ̀ ní yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń darí ìdàpọ̀ wọ̀nyí. Wọ́n ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: akọ̀wé, akápò, olórí akọrin, ẹni tí ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹni tí ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Ohun tí ó dára jù níbẹ̀ ni pé a kì í pẹ́ lórí ipò. Bí ọdún bá parí, àwọn tuntun a gba iṣẹ́. Ẹni tí ó wà ní ipò mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé òun ní láti kọ́ ẹni tí yóò rọ́pò òun.

Èkejì ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, láti orí ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ kan náà, dé ilé-gbígbé, títí dé ẹgbẹ́ gbogbo yunifásítì. Ní ilé-gbígbé, ọ̀rọ̀ omi, iná, ìmọ́tótó àti ààbò ni wọ́n ń bójú tó. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé-gbígbé kan wà tí à ń pè ní Kuti Hall. Orúkọ Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ni a fi sọ ọ́, ọ̀gá ilé-ìwé girama ní Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1931. Olùkọ́ ilé-ìwé girama ni, bí àwọn olùkọ́ tiwa náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ilé tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ń kọ́ láti ṣojú ara wọn níwájú àwọn aláṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn àti ẹgbẹ́ ìjiyàn. Ní Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn ní ẹgbẹ́ tiwọn tí ń jẹ́ UCJ, àwọn tí ó fẹ́ràn ìjiyàn sì ní ẹgbẹ́ tiwọn pẹ̀lú. Irú wọn sì wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ ìròyìn yóò kọ́ pé kí a wádìí kí a tó sọ̀rọ̀. Èyí tí ń jiyàn yóò kọ́ láti tẹ́tí sí ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì dá a lóhùn láìbú u. Aṣáájú tí kò ní ìwà méjèèjì yìí, ariwo ni yóò máa pa.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ẹgbẹ́ àgbáyé tí ó ní ẹ̀ka ní yunifásítì wa. AIESEC bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní ọdún 1948, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, kí àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè kan lè lọ ṣiṣẹ́ ní òmíràn, kí wọ́n sì mọ ara wọn. Enactus bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975 pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lo ìmọ̀ òwò láti yanjú ìṣòro kan ní àdúgbò, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ṣàlàyé níwájú àwọn adájọ́ ohun tí wọ́n ṣe àti àǹfààní tí àwọn ará àdúgbò rí níbẹ̀. Ìjíyìn ni èyí náà.

Ẹ̀karùn-ún ni iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ní ọdún 1973 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá a sílẹ̀, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè lè tún mọ ara wọn. Òbí púpọ̀ rò pé ọdún àfiṣòfò ni, ọ̀pọ̀ a sì máa wá ọ̀nà kí ọmọ wọn má baà kúrò nítòsí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ibùdó, ọmọ yín yóò bá àwọn ọmọ láti ìpínlẹ̀ gbogbo gbé, jẹun, kí wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Àgùnbánirọ̀ lè kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti tún kànga ṣe, tàbí láti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe irú èyí ní ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn ti kọ́ ohun tí kò lè kọ́ nílé bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn àwọn márùn-ún yìí ni àwọn àǹfààní ńlá tí òbí máa ń gbọ́ orúkọ wọn wà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò Chevening ní ọdún 1983, láti san owó ẹ̀kọ́ ọdún kan fún oyè kejì. Ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò Mandela Washington Fellowship ní ọdún 2014, fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà láti ọmọ ọdún 25 dé 35. Chevening a máa bèèrè 2,800 wákàtí iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé, ó sì ń ní kí ó kọ̀wé nípa ibi tí ó ti darí àwọn ẹlòmíràn. Ẹ kíyè sí i dáadáa: àwọn ètò wọ̀nyí kì í bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú aṣáájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Òbí tí ó ní kí ọmọ má ṣe dá sí ohunkóhun fún ọdún márùn-ún, tí ó wá ní kí ó kọ̀wé béèrè fún irú ètò bẹ́ẹ̀, ó dà bí àgbẹ̀ tí kò gbin ohunkóhun tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sóko ìkórè.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí òbí bi ọmọ rẹ̀

Bí ọmọ bá délé tí ó sọ pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe nǹkan kan ní yunifásítì, kí òbí má yára dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta.

Àkọ́kọ́: Ta ni ìwọ yóò máa jíyìn fún, nígbà wo sì ni? Bí kò bá sí ẹni tí yóò bèèrè ìṣirò owó tàbí ìròyìn iṣẹ́, oyè lásán ni. Jósẹ́fù inú Bíbélì kò ti inú oko bàbá rẹ̀ dé orí oyè ní Íjíbítì lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ bójú tó ilé Pọ́tífárì, lẹ́yìn náà ó bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì jíyìn ní ibi méjèèjì.

Èkejì: Ta ni ẹ ó jọ ṣiṣẹ́ tí kò jọ ọ́? Ọmọ tí ó jẹ́ pé àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé kan náà, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n sì ń lọ sí ìjọ kan náà nìkan ni ó ń bá rìn, kò tíì kọ́ bí a ti ń darí. Ìka kò dọ́gba. Ibi tí àìdọ́gba náà ti hàn ni sùúrù ti ń dàgbà.

Ẹ̀kẹta: Ọjọ́ wo ni ìwọ yóò gbé e sílẹ̀, ta ni o sì ń kọ́ láti gbé e fún? Ipò tí kò ní òpin kì í kọ́ ènìyàn ní ìdarí. Ojúkòkòrò ni ó ń kọ́ni.

Ìbẹ̀rù wa gẹ́gẹ́ bí òbí

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fojú kéré ìbẹ̀rù àwọn òbí. Ó ní ìdí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1971, ìbọn ọlọ́pàá pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kúnlé Adépéjú, ní Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà ìfẹ̀hónúhàn tí ó ti inú ẹ̀sùn lórí oúnjẹ ilé-gbígbé jáde. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, a ti rí i tí a lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì ti yunifásítì pa. Ẹgbẹ́ òkùnkùn pẹ̀lú ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Òbí tí ó ta ilẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé kò fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò mú ìwé náà dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú dáadáa. Ta ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ń wá? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tí kò ní ẹgbẹ́ rere kankan ni, èyí tí ó ń wá ibi tí wọn yóò ti mọ̀ ọ́n, tí wọn yóò sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta tí mo kọ sókè yìí wọn irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò lè sọ ibi tí ó ti ń pàdé. Kò sí ẹni tí ó lè yẹ ìṣirò owó rẹ̀ wò. Kò sì sí ọjọ́ tí ọmọ lè kúrò níbẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹni tí ó ti mọ adùn ẹgbẹ́ tí ń jíyìn ní gbangba yóò tètè mọ̀ pé ohun tí a ń ṣe lóru kò dára.

Ní ti ìwé, òtítọ́ ni pé òun ni ó gbé ọmọ lọ síbẹ̀, kò sì yẹ kí iṣẹ́ kankan pa á lára. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gbà kí ẹni tí èsì ìdánwò rẹ̀ kò dára díje fún ipò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìlànà rere sì ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ fi ọdún àkọ́kọ́ mọ ọ̀nà, kí ó sì fi ìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún kejì, kí ó gba iṣẹ́ kékeré kan ṣoṣo. Ní ọdún kẹta, bí ìwé rẹ̀ bá dára, kí ó gba èyí tí ó wúwo jù ú lọ. Ọdún àṣekágbá wà fún ìwé, àti fún kíkọ́ àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ kan tí a ṣe dáadáa sàn ju oyè márùn-ún lọ.

Mo máa ń jókòó pẹ̀lú àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí ń wá iṣẹ́ lẹ́nu wò. A máa ń bi wọ́n pé, “Sọ ìgbà kan tí ìwọ àti àwọn mìíràn jọ ṣe ohun kan tí kò lọ bí ẹ ti fẹ́. Kí ni o ṣe?” Mo ti rí ọmọ tí ó gba oyè tí ó ga jù ní kíláàsì rẹ̀, tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí ó gbọ́ ìbéèrè yìí. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Kò sí ẹni tí ó gbé nǹkan kan fún un gbé rí.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́

Nígbà tí Mósè ń dá ẹjọ́ gbogbo ènìyàn láti òwúrọ̀ di alẹ́, Jẹ́tírò bàbá ìyàwó rẹ̀ ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yan àwọn ènìyàn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó sì pín iṣẹ́ náà. Jẹ́tírò kò gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó wò, ó sọ̀rọ̀, ó sì padà sílé rẹ̀. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ní yunifásítì nílò.

Lára wa ni àwọn tí ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí rí ní ọdún àkọ́kọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò owó wà lára wa. Ẹ lè fi ọjọ́ kan nínú ọdún yẹ ìwé owó ìdàpọ̀ kan wò, kí ẹ sì fi ìfẹ́ fi àṣìṣe hàn wọ́n. Àwọn agbẹjọ́rò lè bá wọn ka òfin ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀ka àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan lè fi àyè kan sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kí ó máa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí ó sì máa rí bí àgbà ti ń ṣe àríyànjiyàn láìjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣọ́ra. Bí a kò bá ka ìṣirò owó àjọ̀dún yìí sétí gbogbo ẹgbẹ́, kí ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ lọ́dọ̀ wa?

Alága tí ó mú mi dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ bí ó ti bá mi lò. Ó ní ní ilé-ìwé girama rẹ̀, òun ni a fi ṣe olórí yàrá ìjẹun, ó sì bu ẹran ọ̀rẹ́ rẹ̀ tóbi ju tàwọn yòókù lọ. Olùkọ́ rí i. Olùkọ́ náà kò nà án. Ó ní kí ó lọ bá ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹran rẹ̀ kéré, kí ó sì bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí à ń ṣe nínú ọgbà ilé-ìwé bí irú èyí nìyẹn. Bí a ti ń wo orúkọ tí ó wà lára pátákó ní ọjọ́ àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀, tí a fi iṣẹ́ kékeré lé lọ́wọ́ tí wọ́n sì jíyìn rẹ̀. Kí a sì rán àwọn ọmọ wa lọ sí yunifásítì láti lọ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run tí ó fi ọmọ wọ̀nyí jíǹkí wa fún wa ní ọgbọ́n láti jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù tí ó tó wọn í gbé. Àmín.